Àpọ́n Mẹ́sàn-án Nínú Ọ́fíìsì Wa

Kò sí ibi iṣẹ́ tí kò ní ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sá sí. Àwọn kan á lọ jókòó sẹ́nu géètì, wọ́n á máa ka mọ́tò. Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ ra àkàrà, wákàtí kan á kọjá kí ẹ tó rí wọn. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ kúrò lórí àga, inú fóònù ni wọ́n ń sá sí: bọ́ọ̀lù, TikTok, ìjà àwọn olórin. Ní tiwa, inú àpótí onílà kan tó ní ojú 81 la sá sí. Sudoku lorúkọ rẹ̀. Ó ti di bárakú fún wa débi pé bí a bá ti kí ara wa láàárọ̀ tán, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni: "Ṣé ti òní ti jáde?"

A jẹ́ mẹ́rin nínú yàrá kan ní Ìjerò-Èkìtì. Àwọn méjì nínú wa ń gun ọ̀kadà wá láti Ìkòrò lójoojúmọ́, ẹnì kan ń ti Arámọkọ wá, ẹnì kẹrin jẹ́ ọmọ Ẹ̀fọ̀n tó gba yàrá sí Ìjerò, tó ń lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. A ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé fáìlì ni iṣẹ́ wa. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tí wọ́n gbé láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, àwọn tí orúkọ wọn sọnù nínú ìwé owó oṣù, nọ́ńbà gbogbo wọn ń gba ọwọ́ wa kọjá. Àwa la ń ṣírò rẹ̀, àwa la ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, àwa la ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá wà. Àmọ́ àwa kọ́ la ń buwọ́ lù ú, àwa kọ́ la sì ń sanwó. Síbẹ̀, ẹni tó bá wá béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú tiwa ló máa rí.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ò ní ìtàn púpọ̀ nínú. Iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ tán, kọ̀ǹpútà kú, a sì jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ilé. Àǹtí tó ń ti Arámọkọ wá, òun ló dàgbà jù nínú wa, tú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ẹ̀pà fún un, ó rí àpótí náà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mú bírò. Kó tó di aago méjì, orí wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé lórí bébà kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Ẹ̀fọ̀n ti wá ápù rẹ̀ sórí fóònù, èyí tó máa ń gbé ẹyọ kan jáde lójúmọ́.

Fún ẹni tí kò bá ṣe é rí, òfin rẹ̀ ò le. Ìlà mẹ́sàn-án ló wà ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òró. Wọ́n tún fi ìlà tó nípọn pín gbogbo rẹ̀ sí àpótí kéékèèké mẹ́sàn-án, ojú mẹ́sàn-án nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ti kọ nọ́ńbà díẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa wá èyí tó kù. Láti 1 dé 9, nọ́ńbà kan ò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì ní ìbú, kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì ní òró, kò sì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú àpótí kékeré. Ó parí. Kò sí ìṣirò nínú rẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá fi àwòrán èso mẹ́sàn-án rọ́pò nọ́ńbà, eré kan náà ni.

Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Japan ló sọ ọ́ ní sudoku. Wọ́n gé e kúrú láti inú gbólóhùn kan tó túmọ̀ sí pé àpọ́n ni kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Àpọ́n gan-an o, ẹni tí kò níyàwó nílé. Ọ̀kan nínú àwa tó ń ti Ìkòrò wá, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, fò sókè: "Ẹ ò rí i? Àpọ́n náà níyì níbì kan!" Láti ọjọ́ yẹn la ti ń pe nọ́ńbà ní àpọ́n. "Àpọ́n méje ò lè sùn síbí jàre, ẹnìkan ti wà nínú ilé." Ẹni tó bá ń gbọ́ wa látìta á rò pé à ń yanjú ìjà ayálégbé.

Kì í ṣe Japan ni wọ́n ti bí i ṣá. Ará Amẹ́ríkà kan, Howard Garns, ayàwòrán-ilé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Dell tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé eré wọn ní 1979, wọ́n pè é ní Number Place. Ní 1984, ilé-iṣẹ́ Nikoli gbé e dé Japan, Maki Kaji tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fún un lórúkọ tó ń jẹ́ dòní. Ní 1997, Wayne Gould, ọmọ New Zealand tó ti ṣe adájọ́ ní Hong Kong, rí i nílé ìtàwé kan ní Tokyo. Ó fi bí ọdún mẹ́fà kọ ètò kọ̀ǹpútà tí á máa ṣe é jáde, ó gbé e tọ ìwé ìròyìn The Times lọ ní London, wọ́n sì tẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, 2004. Láti ibẹ̀ ló ti gba ayé kan. Garns ò rí i. Ó ti kú láti 1989.

Ohun tó wọ̀ wá lára nínú ìtàn yìí ni pé ẹni tó ṣe é ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó gbé e dé London náà ti fẹ̀yìn tì. Àwa tí fáìlì àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kún orí tábìlì wa dé àjà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè ṣàì yé wa. Ìyẹn ló sì gbé ọ̀rọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ Bàbá Tíṣà.

Bàbá Tíṣà kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe ń pè é nìyẹn. Ìkòrò ló ń gbé. Ó kọ́ ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń wá wo ibi tí fáìlì rẹ̀ dé. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí," a ó dìde, a ó kí i, a ó gbé àga fún un. Lẹ́yìn náà a ó sọ fún un pé kò tíì sí nǹkan. Á ní òun gbọ́. Á jókòó díẹ̀ kí òógùn ọ̀nà gbẹ lára rẹ̀, á sì máa lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó bá bébà sudoku lórí tábìlì. Wọn kì í jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ ẹ̀dà ọ́fíìsì ṣe ọ̀rọ̀ ara wa, nítorí náà rúlà la fi máa ń fa ìlà rẹ̀ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù àtijọ́, kí ẹni mẹ́rin lè rí i ju ojú fóònù lọ.

"Kí lẹ̀ ń ṣírò báyìí?"

"Bàbá, eré ni, sà."

A ṣàlàyé òfin rẹ̀ fún un. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e sójú, ó tún yọ ọ́. Ó ní ojú òun ò gbé àwọn nǹkan wínníwínní yẹn mọ́, kí a máa kà á sí òun létí. Ìlà kan wà ní ìbú tó ku ojú kan ṣoṣo. A kà á fún un: mẹ́ta, mẹ́jọ, ọ̀kan, mẹ́fà, mẹ́sàn-án, méjì, márùn-ún, mẹ́rin.

"Méjìdínlógójì," ni Bàbá wí, kò tiẹ̀ mí sí i. "Èjè ló kù."

A wò ó. Èje ni lóòótọ́. Ẹnu yà wá, nítorí ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ kọ́ ni tiwa. Àwa máa ń fi ojú wá ẹni tí kò sí nílé. Bàbá ní, láti oókan dé ẹ̀sán, bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, márùndínláàádọ́ta ni. Ẹ ro mẹ́jọ tó wà nílẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú márùndínláàádọ́ta, ẹni tó sá jáde á fara hàn. "Ẹni tí ò bá ríran," ó ní, "á kúkú ka ẹni tó wà nílé."

A ti ń pe 45 ní "forty-five" láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, a ò jókòó yẹ Yorùbá rẹ̀ wò rí. Márùn-dín-ní-àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ni ogún mẹ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Kí èèyàn tó lè pe nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí, ó ti ní láti sọ ogún di mẹ́ta, kó yọ mẹ́wàá, kó tún yọ márùn-ún. Adolphus Mann, tó kọ̀wé ní 1887 nípa bí a ṣe ń kà, so ó mọ́ owó ẹyọ tí wọ́n máa ń kà ní márùn-ún márùn-ún. Bó bá ṣe rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìdí òkìtì owó ni èdè wa ti kọ́ bí a ṣe ń yọ. Bàbá tún ní kí a ro gbogbo àpótí náà pọ̀, márùndínláàádọ́ta lọ́nà mẹ́sàn-án. Kí ọmọ Ẹ̀fọ̀n tó tẹ̀ ẹ́ tán lórí fóònù, Bàbá ti dáhùn: "Irínwó ó lé márùn-ún."

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún wa pé eré òyìnbó la gbé sórí. Àwọn bàbá wa ń ti oko dé, wọ́n ń jókòó sídìí ọpọ́n ayò, ojú 12, ọmọ ayò 48. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta, ọ̀ta ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ta, òpè ni. Orúkọ méjèèjì náà la ń pe ara wa lórí sudoku. Ní òkè ọya, ọkùnrin kan láti Katsina, Muhammad ibn Muhammad al-Kishnawi, kọ ìwé lédè Lárúbáwá ní nǹkan bí 1732 lórí àpótí nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ro ó ní ìbú, ní òró, tàbí láti igun dé igun, iye kan náà ló máa jáde. Cairo ló kú sí ní 1741. Èyí tó kéré jù nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní ojú mẹ́sàn-án, 1 dé 9, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 15. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́ta ńkọ́? Márùndínláàádọ́ta Bàbá náà ni.

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé ohun mìíràn là ń fi nọ́ńbà ṣe. Bọ̀ọ̀dá tó ń ṣọ́ géètì wọlé wá lọ́jọ́ kan, ó rí bébà tó kún fún nọ́ńbà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní méjì tó dájú nínú rẹ̀." Bàbá Ìjẹ̀bú ló rò pé à ń ṣiṣẹ́ lé lórí! Ìsọ̀ lọ́tírì kan wà níwájú ọ́fíìsì wa, àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ máa ń wo nọ́ńbà àná, wọ́n á fa ìlà, wọ́n á kọjú, wọ́n á ní àwọn ti rí ọ̀nà rẹ̀. A bá Bọ̀ọ̀dá jókòó, a ṣírò rẹ̀ fún un. Nínú nọ́ńbà 90, márùn-ún ni wọ́n ń fà. Bí ẹ bá fẹ́ mú nọ́ńbà méjì pọ̀, ọ̀nà 4,005 ló wà tí ẹ lè gbà mú wọn, mẹ́wàá péré ló máa jẹ nínú rẹ̀. Kò sì sí ohun tó so nọ́ńbà àná mọ́ ti òní. Nínú sudoku, gbogbo nọ́ńbà ló so mọ́ra wọn. Ohun tó wà nílẹ̀ ń sọ ohun tó kù. Bọ̀ọ̀dá gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ó wá ní: "Èwo ló ń sanwó nínú méjèèjì?" A ò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè Bọ̀ọ̀dá kì í ṣe ti òmùgọ̀. Eré tí kì í sanwó, kí ló dé tó fi mú wa tó bẹ́ẹ̀? Kí sì ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró dè wá? Ní 2008, ilé ẹjọ́ kan ní Sydney, ní Australia, ní láti tú ìgbẹ́jọ́ lórí oògùn olóró ká lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta. Ó ti ná wọn ju mílíọ̀nù kan dọ́là ibẹ̀ lọ. Sudoku làwọn kan nínú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ń ṣe níbi tí wọ́n jókòó sí. Gbogbo èèyàn rò pé wọ́n ń kọ ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ sílẹ̀, títí tí ẹnìkan fi ṣàkíyèsí pé òró ni wọ́n ń kọ, wọn ò kọ ìbú. Ọjọ́ tí a ka ìtàn yìí la ṣe òfin tiwa: bí èèyàn bá ti dúró lójú wíńdò, bébà á wọnú dúrọ́ọ̀. Aago mọ́kànlá sí mọ́kànlá àbọ̀ ló ni sudoku, àti ìgbà tí iná bá lọ. Ọ̀gá wa mọ̀. Ó kọjá lọ́jọ́ kan, ó na ìka sí igun bébà, ó ní, "Èjì ló máa wà níbẹ̀ yẹn," ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó gbà á.

A rò pé ìdí tó fi mú wa ni pé kò mọ ọmọ ẹni tí a jẹ́. Sudoku tó bá pé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Kò béèrè ẹni tó rán ẹ wá. Kò ní "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Wọ́n lè fún yín ní nọ́ńbà 17 péré nínú 81, kó sì tó láti rí gbogbo èyí tó kù, ní 2012, Gary McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dublin fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí èyí tó lè fi 16 ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ẹ wo bí ó ṣe dára tó: ìwé mẹ́tàdínlógún, gbogbo ọ̀rọ̀ ti yanjú. Fáìlì Bàbá Tíṣà ju ogójì ewé lọ, kò yanjú.

Ohun tó dá fáìlì náà dúró kéré. Déètì tó kọ́kọ́ wọṣẹ́ lórí ìwé kan yàtọ̀ sí ti orí ìwé kejì, oṣù mélòó kan ló wà láàárín wọn. Gbogbo ọdún tó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń wọ inú owó rẹ̀, nítorí náà wọn ò lè ṣírò, wọn ò sì lè san. Kálukú tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá á fa ìlà pupa sábẹ́ déètì méjèèjì, á sì dá a padà.

Àǹtí ará Arámọkọ ló sọ ọ́, lẹ́yìn tí Bàbá ti lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan: "Ṣebí ojú kan ló ṣófo nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kí ló dé tí à ń wo ojú tó ṣófo nìkan? Ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó wà nílé." A mú rúlà. A fa ìlà sẹ́yìn fọ́ọ̀mù, bí a ṣe máa ń ṣe, àmọ́ dípò 1 dé 9, ọdún la kọ sí ìbú, a wá kọ iléèwé tó ti ṣiṣẹ́, owó oṣù tó gbà àti ìgbéga tó rí sí òró. A to gbogbo ìwé rẹ̀ síbi tó yẹ kó wà. Nígbà tí a to ó tán, ó hàn gbangba pé ìgbéga àkọ́kọ́ rẹ̀ ò lè bọ́ sí ọdún tó bọ́ sí bí déètì kejì bá jẹ́ òótọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ẹ̀rí láti iléèwé àkọ́kọ́. Àwọn iléèwé àtijọ́ ní ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan tí ọ̀gá iléèwé máa ń kọ gbogbo nǹkan sí: ọjọ́ tí alábẹ̀wò wá, ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé, ọjọ́ tí tíṣà tuntun dé. Àwa méjì ará Ìkòrò lọ wá a lọ́jọ́ Sátidé. Ikán ti jẹ etí rẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá dé wà níbẹ̀, yíǹkì búlúù, ọwọ́ tó mọ́ roboto.

A ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a kọ lẹ́tà lé e lórí, ọ̀gá wa buwọ́ lù ú, fáìlì sì kúrò lórí tábìlì wa. Ó ti lé ní oṣù méjì. Kò tíì padà.

Ẹ ò rí i, ibi tí sudoku parí sí nìyẹn. Ẹ lè wá ojú tó ṣófo rí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó tọ́ síbẹ̀, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má parí, nítorí ẹlòmíràn ló ni bírò. Ewu tó wà nínú eré wa kọ́ ni àkókò tó ń gbà. Ewu rẹ̀ ni pé ó máa ń tẹ́ni lọ́rùn. Èèyàn á ti yanjú nǹkan kan láàárọ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì gbàgbé pé ohun tó yanjú yẹn, kò sí ẹni tí ebi ń pa nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwa náà ò ní sọ pé kí a pa á tì. Láìsí ìdajì wákàtí yẹn, a ò bá ti dà bí àwọn tó kàn ń fa ìlà pupa. Ní Ìkógòsì, níwọ̀n-ọ̀n ìrìn díẹ̀ sí wa, omi gbígbóná àti omi tútù ń pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ, ẹ sì lè fi ọwọ́ mọ èwo ni èwo. Bí a ṣe ń gbìyànjú láti fi iṣẹ́ àti eré wa sí nìyẹn.

Bàbá Tíṣà ṣì ń wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó béèrè fáìlì rẹ̀ kó tó béèrè sudoku. A sọ ibi tó wà fún un, a fi ìwé tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wa hàn án, a sì sọ orúkọ yàrá tó yẹ kó lọ béèrè sí. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pélébé kan, ó ká a, ó fi í sínú fìlà. Ó wá fa àga sún mọ́ tábìlì.

"Ó yá, ẹ máa kà á sí mi létí."